Oníyán tí ó fi ìkòkò rọ́pò oògùn: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ làkúrègbé kan ní Àkúrẹ́

Ẹni ọdún 46 ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn. Mo ti yí àwọn ohun díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Iyán ni ó ń tà, nínú ilé oúnjẹ kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ó sì ti lé ní 20 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀: ọwọ́ ni ó fi ń di ọmọ odó mú, ọwọ́ ni ó fi ń yí iyán lójú odó, ọwọ́ náà ni ó sì fi ń pọ́n ọn fún oníbàárà. Ní àsìkò òjò ọdún kan, ó kíyè sí i pé òrùka ìgbéyàwó òun kò bọ́ mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gan ní òwúrọ̀, tí kò sì lè di ọmọ odó mú títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn di oríkèé òun mọ́jú.

Làkúrègbé ni gbogbo ará ilé pè é, wọn kò sì ṣì í pè, nítorí pé orúkọ yẹn ni a fi ń pe gbogbo ìrora oríkèé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́ ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí bo ọ̀pọ̀ àìsàn mọ́lẹ̀. Àgbàlagbà tí kèrékèré orúnkún rẹ̀, ìyẹn egungun rírọ̀ tí ó bo orí egungun nínú oríkèé, ti jẹ nítorí ọjọ́ orí ní làkúrègbé, ṣùgbọ́n ìrora tirẹ̀ ń le sí i bí ó bá ti ń rìn, ó sì ń rọ̀ bí ó bá jókòó. Èyí tí ó mú oníyán yìí ń le jù lẹ́yìn ìsinmi òru, ó sì ń rọ̀ bí ó bá ti ń lo ọwọ́ náà. Rheumatoid arthritis ni àwọn dókítà ń pè é. Ọmọ ogun ara, tí ó yẹ kí ó máa bá kòkòrò àìsàn jà, ni ó yíjú padà, tí ó ń bá awọ fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú oríkèé jà. Awọ náà yóò wú, yóò nípọn, bí a kò bá sì dá a dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kèrékèré àti egungun tí ó yí i ká. Bí ọkùnrin kan bá ní in, obìnrin méjì sí mẹ́ta ni ó máa ń ní in.

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ó fi ń ra oògùn ìrora ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì. Diclofenac ni ó pọ̀ jù nínú wọn, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó sì máa ń lò ó láìtíì fi nǹkan kan sẹ́nu, nítorí pé ó ní láti gúnyán fún àwọn ẹlòmíràn kí òun náà tó jẹun. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà, ọkọ rẹ̀ mú un wá sí ilé ìwòsàn.

Oríkèé 14 ni dókítà kà tí ó wú: ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ìdí ìka àti àárín ìka lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, àti ìdí ìka ẹsẹ̀. Àwọn oríkèé tí ó sún mọ́ èékánná kò wú, ìyẹn sì jẹ́ àmì kan tí a fi ń ya àìsàn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára làkúrègbé ọjọ́ ogbó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá rheumatoid factor àti anti-CCP lára rẹ̀, èròjà méjì inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tọ́ka sí àìsàn yìí. ESR rẹ̀, òṣùwọ̀n tí ó ń fi hàn bí wíwú inú ara ti pọ̀ tó, jẹ́ 78, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà kọjá 20 fún obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dínkù, PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 29. Kò ní àrùn mẹ́dọ̀wú B, èyí tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó fún aláìsàn ní irú oògùn tí wọ́n fẹ́ fún un. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn nínú gbogbo èyí: àwòrán X-ray ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ́ kedere. Egungun rẹ̀ ṣì pé.

Wọ́n kọ methotrexate miligíráàmù 10 fún un, ìyẹn hóró mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Folic acid miligíráàmù 5 ní ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀. Prednisolone, oògùn steroid tí ó ń tètè mú wíwú rọ̀, miligíráàmù 7.5 lóòjọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àti oògùn ọgbẹ́ inú, nítorí ohun tí diclofenac ti ṣe sí ikùn rẹ̀. Methotrexate kì í ṣe oògùn ìrora. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí aláìsàn tó mọ ohun tí ó ń ṣe, prednisolone sì ni a fi ń dí àlàfo náà. Ìtọ́jú náà bá ìlànà mu, kò sí ẹni tí ó lè rí i fi ṣe àléébù. Ohun tí ó bà á jẹ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn kúrò níwájú dókítà.

Nígbà tí ó dé ilé oògùn, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ká gbogbo ohun tí ó wà lórí ìwé. Ó wo orúkọ folic acid, ó rántí i láti ìgbà tí ó ń lóyún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Èmi kò lóyún, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?” Ó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ folic acid níbẹ̀ ni láti dín ìpalára methotrexate kù ní ẹnu, ní ikùn àti nínú ẹ̀dọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, egbò yọ sí i lẹ́nu. Bí ó bá ti lo oògùn náà lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èébì ni yóò fi ọjọ́ Àìkú ṣe. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń gbé ní Àbújá wá orúkọ oògùn náà lórí fóònù, ó sì pè é pẹ̀lú ìbẹ̀rù: “Màámi, oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n fún yín o!” Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ó pa gbogbo oògùn náà tì, kí methotrexate tó rí àyè ṣe ohunkóhun fún un.

Òótọ́ wà nínú ohun tí ọmọ náà kà. Oògùn jẹjẹrẹ ni methotrexate kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún miligíráàmù lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ti oríkèé kì í sábà kọjá 25 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọdún 1988 sì ni àjọ tí ó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àìsàn oríkèé yìí. Àlàyé yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà tí ó ṣe é fún un.

Lẹ́yìn náà ni ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje ní ìjọ rẹ̀, omi àti ọsàn díẹ̀ nìkan ni ó ń fi sẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó lè di ìka rẹ̀ pọ̀, ohun tí kò lè ṣe láti ọdún tí ó kọjá. Nígbà tí ó padà sí oúnjẹ rẹ̀, ìrora náà padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ohun tí ó sì yé e ni pé oúnjẹ ni ó ń pa òun. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tí ó rí lára ara rẹ̀, òótọ́ ni. Ààwẹ̀ máa ń dín gbígbóná àti wíwú oríkèé kù nínú àìsàn yìí, kìkì pé kì í tọ́jọ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti jẹun. Ní Norway, wọ́n ṣe ìwádìí kan lára ènìyàn 53 tí ó ní àìsàn yìí, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1991: apá kan nínú wọn gbààwẹ̀ fún bí ọjọ́ 7 sí 10, wọ́n sì wá jẹ oúnjẹ tí kò ní ẹran nínú fún ọdún kan, wọ́n sì sàn ju àwọn tí ó ń jẹ oúnjẹ wọn bí ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí ìyàtọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ ni obìnrin yìí gbà gbọ́. Òótọ́ kan tí kò tó ẹrù tí ó gbé lé e lórí ni.

Inú ipò yìí ni ó ti wá bá mi. Onímọ̀ ètò oúnjẹ ni mí. Ó jókòó, ó ní, “Ẹ̀yin ni mo wá rí, kì í ṣe dókítà. Ẹ sọ ohun tí mo lè jẹ fún mi.” Inú mi dùn, nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni aláìsàn máa ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ ìwé oúnjẹ fún un: kí ó dín ẹran díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù, kí ó fi ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso kún un. Ohun kan ni n kò bi í: bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Mo rò pé ó ń lò ó. Òun náà rò pé ìwé tí mo fún un ti rọ́pò oògùn, nítorí pé ilé ìwòsàn kan náà ni ìwé méjèèjì ti wá.

Nílé, ó fi kún ìwé mi. Ẹnì kan ní ọjà sọ fún un pé tòmátì àti ata a máa bí làkúrègbé nínú, ó yọ wọ́n kúrò. Ẹlòmíràn dárúkọ epo pupa, ẹyin àti wàrà, ó yọ àwọn náà. Níkẹyìn ó yọ iyán, ó ń gún un fún gbogbo ènìyàn láìtọ́ ọ wò. Ẹnì kan sì tún tà á ní àgúnmu aláwọ̀ ilẹ̀ kan nínú ike, ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, wọ́n ní ewé àti egbò igi nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

Oṣù kẹrin ni ó padà wá, ó gbé abọ́ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò wá fún mi. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó pa wọ́n dé, ó ṣí wọn. “Ẹ wò ó, Ọlọ́run ti fi yín ṣe é.” Wíwú náà ti lọ, gígan òwúrọ̀ ti di ohun ìgbàgbé. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn aláìsàn mìíràn lọ́sẹ̀ náà. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó bá fo èyí kò pé.

Apòògùn kan ní ilé ìwòsàn wa ni ó rí ohun tí n kò rí. Ó wo obìnrin náà bí ó ti ń jáde lọ, ó pè é padà, ó sì bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Ìyá, apá yín ti rù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sì kún. Kí ni ẹ ń lò mọ́ oúnjẹ yìí?” Ìbéèrè yẹn ni ó yí gbogbo nǹkan padà. Ẹni tí oúnjẹ nìkan mú rù, ojú rẹ̀ pẹ̀lú ni yóò rù. Láti 71 kílò ni ó ti bọ́ sí 62, síbẹ̀ ojú rẹ̀ yí bí òṣùpá. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 164 lórí 102, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìjẹun jẹ́ 151, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ rí. Ó yọ ike àgúnmu náà jáde nínú báàgì rẹ̀.

Káàkiri ayé ni a ti máa ń bá prednisolone tàbí dexamethasone, tí òun náà jẹ́ steroid, nínú irú àgúnmu tí a ń tà fún ìrora oríkèé, láìsí pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà lára obìnrin yìí ń tọ́ka síbẹ̀. Idán tí àwọn oògùn wọ̀nyí ń pa ti di mímọ̀ láti 1948, nígbà tí dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí àìsàn yìí ti dá dùbúlẹ̀ ní abẹ́rẹ́ cortisone, steroid kan náà, tí ó sì ń rìn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní 1950, Hench wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Láàárín àkókò díẹ̀ náà ni àwọn dókítà ti rí apá kejì rẹ̀: bí a bá dá a dúró àìsàn náà padà, bí a bá sì ń lò ó lọ ní ìwọ̀n gíga, egungun yóò máa fúyẹ́, ìfúnpá àti ṣúgà yóò gòkè. Ohun tí mo ń fi yangàn pé oúnjẹ ṣe, ike ni ó ṣe é.

A sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọjọ́ kejì kí a lè bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. A kò tẹnu mọ́ ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, ẹ̀rù sì ti bà á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó da àgúnmu náà sínú ṣáláńgá. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e wá, ó ń bì, kò lè dìde, ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 80 lórí 50. Ẹṣẹ́ kékeré tí ó wà lórí kíndìnrín, tí ó ń ṣe irú èròjà yìí fún ara, ti sùn lọ nítorí pé ohun tí ó ń ti ìta wọlé ti pọ̀ jù, kò sì lè jí kíákíá. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone, tí ó dípò èròjà tí ara kò lè ṣe mọ́, àti omi tí a fà sí i lára ni ó gbà á là. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, oríkèé 18 ti wú. Ní àkókò yìí ni wọ́n tún ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀. Egungun ti jẹ ní ìdí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín lọ́wọ́ ọ̀tún, àlàfo inú ọrùn ọwọ́ ti tẹ́ẹ́rẹ́, ìka méjì sì ti ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré. Ọwọ́ tí ó mọ́ kedere ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni.

Ìpàdé kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Àbújá, dókítà, apòògùn àti èmi náà sì jókòó sí yàrá kan. Ọmọ náà béèrè ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, a dá a lóhùn láìfi ohunkóhun pamọ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ṣé iyán ló ń fà á?” Mo sọ fún un pé n kò ní fi ẹnu lásán dáhùn, kí a jọ wò ó. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń bá a tajà sì ń bá a kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ohun tí ó jẹ, wákàtí tí ó sùn, iṣẹ́ tí ó ṣe, àti iye ìṣẹ́jú tí ọwọ́ rẹ̀ fi gan ní òwúrọ̀. Nígbà tí a ṣí ìwé náà, ọjọ́ tí ó jẹ iyán kò yàtọ̀ sí ọjọ́ tí kò jẹ ẹ́. Òwúrọ̀ tí ó burú jù ni èyí tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gúnyán fún ayẹyẹ tí kò sì sùn dáadáa. Ó jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọkún díẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ methotrexate láti 7.5, wọ́n sì gbé e dé 15 díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú folic acid. Wọ́n fi hydroxychloroquine, oògùn mìíràn fún àìsàn oríkèé yìí, kún un lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n sì ń dín prednisolone kù lóṣooṣù. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tèmi ni láti dá oúnjẹ tí ó ti yọ kúrò padà fún un: ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹja títúsì tàbí ṣáwá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, àti ẹja kékeré tí a ń jẹ teegun teegun nítorí egungun tirẹ̀. A dín ṣúgà kù nítorí ohun tí àgúnmu ti dá sílẹ̀. Páàràgà àti ọtí kankan kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ tí ó ń gbé methotrexate. Epo inú ẹja bẹ́ẹ̀ lè dín ìrora àti gígan kù díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò nínú ìwádìí, bíi gíráàmù 3 lóòjọ́, ju ohun tí ẹja ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè fún ènìyàn lọ. Ìlànà tí American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà, ṣe ní 2022 gba oúnjẹ irú ti àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà níyànjú, tí ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà, ẹja àti òróró ólífì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́ oògùn ni, kì í ṣe dípò rẹ̀, kò sì gba oúnjẹ ìyọkúrò tàbí àwọn àfikún oníhóró níyànjú. Èmi kò ní kí oníyán kan ní Àkúrẹ́ máa ra òróró ólífì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí òróró àdúrà. Ohun tí ó wà lọ́jà wa tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà, oríkèé mẹ́ta ni ó kù tí ó wú, gígan òwúrọ̀ ti bọ́ láti wákàtí mẹ́ta sí nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ESR rẹ̀ ti di 26, PCV rẹ̀ ti di 35, ó sì ti padà sí 68 kílò. Ìka méjì tí ó yà kò padà. Kò ní padà.

Mo ti ro ìṣẹ̀lẹ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó jẹ egungun rẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwa tí a ń tọ́jú rẹ̀ ni a fi ìrora ṣe òṣùwọ̀n: nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò dùn ún mọ́, a gbà pé ó ti sàn. Oríkèé tí kò dunni lè máa bàjẹ́ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa kà á, kí a máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kódà bí aláìsàn bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá sọ fún wa pé oúnjẹ ti wo òun sàn, kí a bá a yọ̀, kí a sì bi í ohun mìíràn tí ó ń lò láìfi ojú ẹ̀sùn wò ó, bí apòògùn yẹn ti ṣe. Bí a bá sì ń kọ oògùn mẹ́rin sórí ìwé kan, kí a sọ èyí tí kò ṣeé fi sílẹ̀ bí owó kò bá tó, àti ìdí rẹ̀. Ní tèmi, n kì í kọ ìwé oúnjẹ fún aláìsàn oríkèé mọ́ láìjẹ́ pé mo ti kọ́kọ́ rí oògùn tí ó lò lọ́sẹ̀ náà lójú ara mi.

Ewu kan ṣì wà tí a kò fi ṣeré. Ẹni tí ó bá ń lo methotrexate lójoojúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè tibẹ̀ kú, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n kọ sára páálí náà, èyí tí obìnrin yìí kò lè kà dáadáa. Apòògùn fi báírò pupa kọ ọ́ sí i ní Yorùbá: ỌJỌ́ ẸTÌ NÌKAN. Páálí folic acid ni ó kọ ỌJỌ́ ÀÌKÚ sí. Obìnrin náà ti ra ẹ̀rọ ìgúnyán, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń lò ó, òun ni ó ń dúró ti iná tí ó ń tọ́ iyán wò bóyá ó kúná. Bí ilé oúnjẹ bá ti pa dé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ni ó máa ń ka hóró mẹ́fà sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ó bá ti ka ohun tí ó wà lára páálí sókè kí ìyá gbọ́.